Ìjà Tòótọ́ Dà nínú Fíìmù Yorùbá?

Ìjà kò dọlà, orúkọ ni í sọ ni. Àwọn tó pa òwe yìí mọ ohun tí ìjà ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá jà yóò rẹ̀, pé orúnkún rẹ̀ yóò bó, pé aṣọ rẹ̀ yóò ya, pé àwọn ará àdúgbò yóò sì fi í ṣe ọ̀rọ̀ sọ títí ọdún yóò fi yí. Irú ìjà wo ni ó wá kún inú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá òde òní? Jagunjagun méjì yóò dúró ní ọ̀ọ́kán ara wọn. Ọ̀kan yóò na ọwọ́, iná aláwọ̀ aró yóò yọ láti inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Èkejì náà yóò na tirẹ̀, iná pupa yóò jáde. Iná méjèèjì yóò kọlu ara wọn, ilẹ̀ yóò mì tìtì, ẹni tí ìwé eré bá sì ti dá ikú fún yóò fò sẹ́yìn bí ẹni tí ọkọ̀ gbá. Kò sí ẹni tó fi ọwọ́ kan ẹnì kejì. Kò sí ẹni tó làágùn. Ẹni tó borí kò ní egbò kankan, gèlè ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kò tilẹ̀ yẹ̀. Ìjà sì nìyẹn!

Àwọn ọ̀dọ́ Lọ́kọ́jà kò fẹ́ èyí mọ́. Láti Felele títí dé Ganaja, ẹni tó bá fẹ́ràn fíìmù ìjà mọ wàhálà tó wà nínú wíwá èyí tó dára. Nígbà kan, ọwọ́ àwọn tí ń ta fíìmù lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ti ń rà á, nínú àwo pẹlẹbẹ kan ṣoṣo tí wọ́n ká fíìmù méjìlá sí, tí àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì jọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lónìí, inú fóònù ni wọ́n ti ń wá a, ìṣòro kan náà ni wọ́n sì ń bá pàdé: àwòrán ìta ń pariwo ìjà, inú rẹ̀ jẹ́ kìkì iná àti èéfín. Ìdí nìyí tí ọmọ Òkun, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, ọmọ Ígálà àti ọmọ Ẹ̀bìrà fi ń jókòó ti fíìmù Ṣáínà, ti Táílàńdì àti ti Indonéṣíà, tí wọn kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn. Àwọn àgbà kan ń bá wọn wí pé wọ́n ti kọ àṣà ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Ìbáwí náà kò tọ́ sí wọn rárá. Ohun tí wọ́n ń wá kiri ni ìjà tí ènìyàn fi ara jà, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe fíìmù Yorùbá kọ̀ láti fún wọn, nítorí pé idán kọ̀ǹpútà rọrùn ju ẹ̀kọ́ lọ. Idán náà ti sọ ọwọ́ òṣèré di ọ̀lẹ, ó sì ti ń sọ ẹnu rẹ̀ di odi.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ní ọdún 1972, Bruce Lee kọ fíìmù Way of the Dragon, òun náà ni ó darí rẹ̀. Inú Colosseum, gbọ̀ngàn àtijọ́ ti ìlú Róòmù, ni ìtàn náà fi ìjà ìkẹyìn sí, ẹni tí Lee sì bá jà níbẹ̀ ni Chuck Norris, ẹni tó ti gba ipò kìíní nínú ìdíje kàráátè ní Amẹ́ríkà kí ó tó di òṣèré. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì na iṣan wọn, wọ́n lọ́ ọrùn, wọ́n tẹ eegun ìka. Kámẹ́rà jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi rí wọn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Lee ni ó kọ́kọ́ jẹ ìyà. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, kí ó tó yí bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ padà, tí ó sì ń fò bí ẹni tí ń jó, títí ọ̀tá rẹ̀ kò fi mọ ibi tí ìkúùkù yóò ti wá mọ́. Olùwòran rí ìrònú nínú ara ènìyàn. Nígbà tí ìjà sì parí sí ikú, ẹni tó ṣẹ́gun kò rẹ́rìn-ín, kò yangàn. Ó gbé aṣọ òkú bo òkú náà, ó sì kúnlẹ̀. Iná wo ni wọ́n lè fà jáde láti inú àtẹ́lẹwọ́ tí yóò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Lee kú ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 1973, ní ẹni ọdún 32, àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà náà sì ń wá fíìmù rẹ̀ kiri títí di òní.

Jackie Chan ń kọ́? Láti kékeré ni wọ́n ti fi í sí ilé ẹ̀kọ́ eré ìbílẹ̀ Ṣáínà ní Hong Kong, ó sì lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀: orin, ìtàkìtì, idà, ìdúró lórí ọwọ́, ẹgba. Nínú Project A, ní ọdún 1983, láti òkè ilé agogo ni ó ti já bọ́, tí aṣọ ìbòji méjì sì ń gbà á kí ó tó kan ilẹ̀. Èyí tó ń jáde lójú rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rù ni, ẹ̀rù gidi.

Àwọn ará Táílàńdì ló wá fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ní ọdún 2003 ni fíìmù Ong-Bak jáde. Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: wọ́n jí orí ère Búdà abúlé kan, ọmọkùnrin abúlé náà sì lọ sí Bangkok láti gbà á padà. Ẹ̀ṣẹ́, orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ ìjà ìbílẹ̀ wọn, Muay Thai, ni ó fi gbà á. Àwọn tó gbé fíìmù náà jáde fi yangàn pé kò sí okùn tó gbé òṣèré náà, Tony Jaa, sókè, kò sí kọ̀ǹpútà tó jà fún un, kò sì sí arọ́pò tó bá a fò. Ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1989, tí ó sì dàgbà ní New Zealand, wo fíìmù yìí, ó dìde níbẹ̀, ó lọ kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ òun ẹsẹ̀. Israel Adesanya ni orúkọ rẹ̀, ó sì di ọ̀gá àgbáyé nínú ẹ̀ka tirẹ̀ ní UFC ní ọdún 2019. Ní ọdún kan náà ni Kamaru Usman, tí wọ́n bí ní Auchi, ìlú tí awakọ̀ láti Lọ́kọ́jà sí Benin ń gbà kọjá, gba àmì-ẹ̀yẹ ọ̀gá àgbáyé nínú ẹ̀ka mìíràn, ìjàkadì sì ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Fíìmù tó fi ara ènìyàn hàn lè gbé ara ènìyàn mìíràn dìde. Ta ni iná kọ̀ǹpútà gbé dìde rí? Bóyá ẹni tí ń ta kọ̀ǹpútà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Indonéṣíà. Gareth Evans, ọmọ ilẹ̀ Wales, ń ya fíìmù nípa silat, ìjà ìbílẹ̀ wọn, ni ó bá rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń wa ọkọ̀ fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, tí ó sì mọ ìjà náà láti ìdílé rẹ̀. Iko Uwais ni. Ó fi í ṣe Merantau ní 2009, ó tún fi í ṣe The Raid ní 2011, gbogbo ayé sì mọ orúkọ silat. Wọn kò rò pé ìjà abúlé kéré jù fún kámẹ́rà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, àwọn kan yóò fò dìde. Wọn yóò ní Ṣáínà ló ni kọ́ńfù, Yorùbá ló ni ọfọ̀ àti idán. Pé ẹni tó bá ní kí jagunjagun Ìbàdàn máa ta ẹsẹ̀ bí ọmọ Hong Kong, àṣà ni ó fẹ́ pa. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́. Bí ènìyàn bá tú u wò, òfìfo ni.

Idán tí Yorùbá ń pa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, iṣẹ́ ara ni. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin sì mú kí àwọn eégún apidán ṣeré fún wọn. Clapperton kọ ohun tó rí sílẹ̀. Àwọn tó wọ inú àpò jó. Erè ńlá kan yọ láti inú àpò, ó ń yanu, ó ń wọ́ kiri. Lẹ́yìn náà ni àwòrán òyìnbó funfun kan jáde, tí ó ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Òyìnbó náà mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì gbà pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. (Richard Lander yìí kan náà, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ John, ni ó wa ọkọ̀ kọjá ibi tí odò Ọya ti pàdé Bẹ́núé ní ọdún 1830, níbi tí Lọ́kọ́jà wà lónìí.) Kò sí kọ̀ǹpútà ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ó wà nínú awọ erè náà, tí ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún wọ́ nínú erùpẹ̀, tí òógùn sì bò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń pe iná inú kọ̀ǹpútà ní ọmọ apidán, kí ó fi orúnkún tó bó hàn.

Ti ọfọ̀ ńkọ́? Ọfọ̀ kì í ṣe iná, ọ̀rọ̀ ni. Agbára rẹ̀ wà nínú pé apọfọ̀ mọ orúkọ àbísọ ohun tó ń bá wí, pé ó mọ ìwà tí ewé, ẹyẹ àti odò ń hù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, pé ó sì mọ bí a ti ń to ìró lé ìró títí gbólóhùn ìkẹyìn yóò fi ṣẹ. Ẹni tó bá ṣi í pè, tirẹ̀ bá a. Nínú Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní ọdún 1963, Tìmì ni ó ni ọfà iná. Kí ni Gbọ̀nkà fi borí rẹ̀? Ẹnu. Ó pe ọfọ̀, oorun sì gbé Tìmì lọ níbi tó dúró sí, Gbọ̀nkà sì dè é lọ sí Ọ̀yọ́. Wọ́n gbé eré yìí dé Berlin ní ọdún 1964, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá sì jókòó, wọ́n tẹ́tí sí i. Nínú eré Arelu ti Jimoh Aliu lórí tẹlifíṣọ̀n ní àwọn ọdún 1980, Òjó Arówóṣafẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Fàdèyí Olóró, tó kú ní ọdún 2023, máa ń dúró lójú kan, ojú rẹ̀ a pọ́n, ohùn rẹ̀ a sì máa gòkè bí omi tó fẹ́ bo afárá. Àwọn ọmọdé a sá sẹ́yìn ìyá wọn. Idán inú àwọn eré ìgbà náà kò dára, kò sì sí ẹni tó bìkítà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà pé.

Lónìí, òṣèré a la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ààrá kọ̀ǹpútà a bo gbólóhùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, èéfín a sì gba ojú ìran. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn gbìyànjú láti da ọfọ̀ inú irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kọ sínú ìwé. Agbára káká ni ìlà mẹ́ta yóò fi pé, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì jẹ́ ìpariwo. Àwọn tí ń sọ pé àwọn ń gbé ọfọ̀ lárugẹ ni wọ́n ń fi ariwo sin ín.

Kò tán síbẹ̀. Wọ́n ń ba ìtàn jẹ́ pẹ̀lú. Kò sí ẹni tó jiyàn pé àwọn jagunjagun àtijọ́ ní oògùn, ṣùgbọ́n oògùn nìkan kọ́ ni wọ́n fi jagun. Orúkọ ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí kò sì parí títí di 1893, láti inú ìró ìbọn ni ó ti wá. Àwọn ará Òkun tí àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bida ń kó lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mọ̀ pé pátákò ẹṣin kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Líṣàbi tó gba àwọn Ẹ̀gbá lọ́wọ́ àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́, àáró ni ó fi gbà wọ́n: ó kó àwọn àgbẹ̀ jọ, wọ́n ń bá ara wọn ro oko ní gbangba, wọ́n sì ń múra ogun lábẹ́lẹ̀. Bí olùdarí fíìmù kan bá gba àáró kúrò lọ́wọ́ Líṣàbi, tí ó fi mànàmáná dípò rẹ̀, ó ti gba ìṣẹ́gun náà kúrò lọ́wọ́ gbogbo àgbẹ̀ tó bá a ro oko.

Ó yẹ kí a fi òdodo fún àwọn tó tọ́ sí. Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, tó jáde ní ọdún 2022, ní idán nínú, ṣùgbọ́n lórí idán náà ni ìtàn dúró: ẹyẹ àkàlà àti agbára láti jí òkú. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò ti ba ìtàn jẹ́. Ẹ̀jọ́ rẹ̀ kò sí níbí. Jagun Jagun, tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde ní ọdún 2023, sọ ìtàn ọ̀dọ́ kan tó lọ kọ́ iṣẹ́ ogun lábẹ́ Ògúndìjì. Níbi tí àwọn ọ̀dọ́ náà ti ń gba ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń ṣubú sínú erùpẹ̀ tí wọ́n sì ń dìde, ojú kò lè kúrò lára wọn. Nígbà tí agbára awo bá gba ìjà náà lọ́wọ́ wọn ni olùwòran ń rántí pé ebi ń pa òun. Fíìmù náà fúnra rẹ̀ ti fi hàn pé àwọn òṣèré Yorùbá lè ṣe é. Kí ló dé tí wọn kò fi jẹ́ kí wọ́n ṣe é tán?

Wọn yóò tún ní ìjà gidi léwu, kọ̀ǹpútà sì dín ìnáwó kù. Òótọ́ wà nínú ti àkọ́kọ́. Nígbà tí Jackie Chan ń ya Armour of God ní Yugoslavia, ẹ̀ka igi ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, agbárí rẹ̀ sì fọ́. Díẹ̀ ló kù kí ó kú. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí òṣèré Yorùbá kú nítorí owó tí kò tó ra oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ijó ni ìjà inú fíìmù: ẹni tí ń gbá ni àti ẹni tí wọ́n ń gbá jọ mọ ìgbésẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti tún un ṣe títí tí yóò fi mọ́ wọn lára. Ẹni tí kò kọ́ ọ ni ó ń ṣèṣe jù. Kọ̀ǹpútà náà kò sì ṣẹ̀. Nínú Crouching Tiger, Hidden Dragon, ní ọdún 2000, okùn ni wọ́n fi gbé àwọn òṣèré fò, kọ̀ǹpútà sì pa okùn náà rẹ́. Ìyẹn ni pé ó ran ara tó ti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Kaduna tí wọ́n ń jẹ́ The Critics Company fi fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé yìn ní ọdún 2019, ìyìn náà sì tọ́ sí wọn, nítorí pé wọ́n jókòó kọ́ ọ. Ti ìnáwó ni irọ́. Kọ̀ǹpútà tó dára wọ́n gan-an. Èyí tí kò dára ni kò wọ́n, òun náà sì ni ó pọ̀ jù lójú ìran.

Ẹni tó bá ń wá fíìmù ìjà tòótọ́ ní Lọ́kọ́jà, kí ó yé wo àwòrán ìta. Ẹsẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò. Bí kámẹ́rà bá ń sá fún ẹsẹ̀ àwọn tí ń jà, tó jẹ́ pé ojú àti èjìká nìkan ni ó ń fi hàn, tí àwòrán sì ń yí padà kí ìkúùkù kan tó balẹ̀, wọ́n ń fi àìmọ̀ọ́jà pamọ́ ni. Kí ó wò ó bóyá ẹni tí wọ́n gbá ní egungun ìhà ṣì ń di ìhà mú ní ìran tó tẹ̀ lé e. Kí ó wo orúkọ ẹni tó kọ́ wọn ní ìjà, nítorí pé àwọn tó ṣe é dáadáa kì í fi orúkọ olùkọ́ pamọ́. Iṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ti tó láti mọ̀.

Ọ̀dọ́ náà yóò ṣì máa lọ sí Bangkok àti Hong Kong kí ó tó rí i, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun èlò rẹ̀ wà nílé. Lọ́kọ́jà àti Ọ̀fà jọ wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé oríkì Ọ̀fà so mọ́ ìjàkadì, àti pé wọ́n ní ọdún Ìjàkadì tí wọ́n ń ṣe? Àwọn Hausa tí wọ́n ti ń gbé Lọ́kọ́jà láti ọjọ́ pípẹ́ ló ni dambe, ìjà tó bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn alápatà. Ọwọ́ kan tí wọ́n fi aṣọ àti okùn wé ni ọ̀kọ̀, ọwọ́ kejì ni asà. Ẹni tí ọwọ́, orúnkún tàbí ara rẹ̀ bá kan ilẹ̀, wọ́n ní ó ti kú. Fíìmù wo ni kò ní dùn pẹ̀lú òfin bẹ́ẹ̀? Odunayo Adekuoroye, ọmọbìnrin Ìpínlẹ̀ Oǹdó, gba wúrà nínú ìjàkadì ní ìdíje Commonwealth ní ọdún 2014, ní 2018 àti ní 2022. Bí olùdarí kan bá fẹ́ ṣe fíìmù nípa obìnrin jagunjagun, ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ irú wọn, kò sí ní inú kọ̀ǹpútà.

Adéyẹmí Afọláyan, Adé Lọ́ọ̀fù, bàbá Kúnlé, ará Agbamu ní Kwara kan náà ni. Òun ni ó wà nínú Àjàní Ògún ní ọdún 1976 àti nínú Ìjà Òmìnira lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí fíìmù Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra kòrò. Kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò jà fún un. Àwọn tó jogún iṣẹ́ rẹ̀ ní owó ju tirẹ̀ lọ, wọ́n ní kámẹ́rà tó dára ju tirẹ̀ lọ, gbogbo ayé sì ń wò wọ́n nínú ilé.

Ìsinmi ń bọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀ka Yorùbá yóò sì lọ sílé, sí Kabba, sí Ìyàrà, sí Ìsánlú, sí àwọn ìlú Ọ̀wọ́rọ̀ tó wà lẹ́yìn òkè Patti. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí bàbá kan ṣì wà tó mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀nà tí a ń gbà fi ẹsẹ̀ há ẹlẹ́gbẹ́ ẹni nínú gídígbò, ọ̀nà tí a ń gbà gbé e sí ìbàdí, àti ọ̀nà tí a ń gbà ṣubú tí ẹ̀yìn kò fi ní kan ilẹ̀. Kí wọ́n bi í léèrè, kí wọ́n kọ orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn orí wọn, kí wọ́n sì ní kí ó dìde fi han àwọn, bí orúnkún rẹ̀ bá ṣì gbà á. Fóònù tí wọ́n fi ń wo Tony Jaa lè yà á.